Ọ̀sán tí Mo Ki Bàbá Màmá Mi

Lánàá, orin kọ́ńtírì kan ń dún nínú rédíò ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ní Woolwich nílùú òyìnbó níbí. Olórin náà ń kọrin nípa oko bàbá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré abúlé wọn. Ni mo bá rántí ọ̀sán kan nílé wa ní Yarnton Way, nígbà tí mo ṣì kéré.

Irú orin bẹ́ẹ̀ ni Mummy ń gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ̀wà ń jóná lórí sítóòfù, kò yíjú sí i.

"Mummy, ṣé a fẹ́ jáde ni?"

"Rárá. Jókòó, kí o ki bàbá mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá àgbà tí mi ò rí rí, pẹ̀lú oríkì tí Mummy fi kọ́ mi, mo sì ṣì í. Ojú Mummy pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Tún un kì."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń sin bàbá rẹ̀ nílé lọ́hùn-ún, Mummy kò sì ní ìwé ìgbélùú tó lè fi lọ kó tún padà wá.

Orin parí, a ò dúró. Nígbà tí mo ki oríkì náà délẹ̀ láìṣì, Mummy kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ọmọ tó ń kí bàbá rẹ̀.