Abẹ́rẹ́ àti Búùtù Ọ̀gá Rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Abẹ́rẹ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé tó bá dúró sẹ́yìn òpó, wọ́n á ní ó ti sá lọ sílé. Iṣẹ́ rírán awọ ìjókòó ọkọ̀ ló wá kọ́, òun nìkan sì ni obìnrin nínú ọgbà tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ọ̀gá rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí iṣẹ́ ò bá dára, á fi abẹ tú gbogbo ojú okùn rẹ̀, á sì dá a padà sí i lọ́wọ́ láìwí nǹkan kan. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ kọ́kọ́rọ́ tọ́jú. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ló ń wà. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí búùtù rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi ń wà á, inú búùtù yẹn ló sì ń kó gbogbo irinṣẹ́ sí. Kò sí oṣù tí kọ́kọ́rọ́ náà kì í di àwátì.

"Abẹ́rẹ́ ò!"

"Sà!"

"Iṣẹ́ rẹ ti dé."

Abẹ́rẹ́ á tú ìjókòó ẹ̀yìn, á yọ́ gba àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọnú búùtù, á sì ṣí i láti inú. Tí ìdérí bá ti gbéra, gbogbo ọgbà á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ti kọjá lórí ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ó sì ti ní ara tó ń kún àga. Màmá Aláwọ ni gbogbo ayé ń pè é. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wà?"

Ó gbójú sókè. Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló dúró níbẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ò dá mi mọ̀ mọ́."

"Yéè! Ọmọ ọ̀gá! Ìwọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí! Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ojú wọn ni ò ríran mọ́. Ọ̀la ni mo fẹ́ kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ra ọkọ̀ wọn aláwọ̀ ewé yẹn ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án òní, irinṣẹ́ wọn sì wà ní búùtù. Àǹtí, a ò rí kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Ìgbà wo lẹ rí i rí?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mú wẹ́dà wá, ó ní òun máa fi iná gé e," ni ọmọ ọ̀gá wí. "Ọ̀pá ni Bàbá fi lé e jáde. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gé ọkọ̀ àwọn, pé ká lọ wá Abẹ́rẹ́ wá."

Ẹ̀rín kúrò lójú Abẹ́rẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti rí ọ̀gá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Àìsàn ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà á, lẹ́yìn náà ló kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí apá kejì ìlú. Nígbà tó sì ráyè, ojú ń tì í pé òun ti pẹ́ jù. Ó kó sípánà, sukudiráfà gígùn kan, ìgò òróró ẹ̀rọ ìránṣọ àti tọ́ọ̀ṣì sínú àpò, ó sì tẹ̀ lé ọmọ ọ̀gá.

Orí àga lẹ́nu ilé ọkọ̀ ni wọ́n bá bàbá náà, ọ̀pá wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ti fún pọ̀, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ṣì nà ṣánṣán. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, sà."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Abẹ́rẹ́."

Bàbá náà fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "O pẹ́," ló wí, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ló rán an lọ ra òwú.

Abẹ́rẹ́ dìde, ó gbé àpò rẹ̀. Ó kàn wọnú ọkọ̀ lọ. Ó fi orúnkún ti ìsàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé e sókè, ó yọ kúrò lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀. Bóòtù méjì tó di ẹ̀yìn ìjókòó náà mú ti dípẹtà. Ó kán òróró sí wọn, ó dúró, ó sì fi sípánà yí wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Nígbà tó yọ páálí dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òórùn awọ, gọ́ọ̀mù àti epo bẹntiróòlù rọ́ lù ú lójú.

Ó dúró sójú kan. Nígbà náà lọ́hùn-ún, inú búùtù yìí nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti rán an níṣẹ́. Tí òòlù àwọn wẹ́dà bá ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, tí òjò sì ń lu ìdérí lókè orí rẹ̀, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ níbẹ̀, títí ọ̀gá á fi kan ìdérí gbà gbà gbà: "Ṣé o ti sùn ni?" Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó máa ṣàárò òkùnkùn yẹn.

Ó ti orí bọ àlàfo náà, ó ti èjìká kan bọ̀ ọ́. Ìyókù kọ̀.

"Kí ló dé?" ni ọ̀gá béèrè láti ìta.

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Díẹ̀ kí ni?"

"Ìdí ni, sà."

Ni bàbá náà bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, tó fi ń wúkọ́. Nínú ọdún mẹ́fà tí Abẹ́rẹ́ fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbọ́ ọ kó rín irú rẹ̀ rí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín wọlé," ni ọmọ ọ̀gá wí.

"Jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "O ò mọ ibẹ̀."

Abẹ́rẹ́ fà sẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì na ọwọ́ tó mú sukudiráfà gba inú àlàfo náà. Ọwọ́ rẹ̀ rántí ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé: irin kékeré bí ahọ́n ló gbá ìdérí mú, apá ọ̀tún ni wọ́n sì ń tì í sí. Ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kàtà! Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé.

Àpótí irinṣẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbòòrùn kan tó ti ya, àti bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan tí ọmọ ọ̀gá kígbe lé lórí pé, "Tèmi nìyí! Nítorí bàtà yìí ni wọ́n ṣe nà mí!"

Abẹ́rẹ́ gbé àpótí náà lé ọ̀gá lẹ́sẹ̀. Bàbá náà yọ irinṣẹ́ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka wò wọ́n: òòlù kékeré, abẹ, abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń rán etí ìjókòó. Nínú ọkàn rẹ̀, Abẹ́rẹ́ ti ń wo ibi tí òun máa tò wọ́n sí ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé kí n bá yín tọ́jú wọn, sà?"

"Tọ́jú wọn fún ta? Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe."

Ẹni tó ra ọkọ̀ dé lọ́sàn-án, nígbà tí Abẹ́rẹ́ ti dá ìjókòó padà sáyè rẹ̀. Ọ̀gá tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ náà títí ó fi yà ní ìkóríta. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ibi tí Abẹ́rẹ́ wà, ó ní, "Awọ pélébé ni kó o mú wá lọ́jọ́ Sátidé. Má mú èyí tó le wá o, ọwọ́ mi ti dẹ̀."

Ó mú un wá. Láti ìgbà náà, kì í pa Sátidé kan jẹ. Nínú yàrá tí ọmọ ọ̀gá ṣètò fún bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Abẹ́rẹ́ á bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọ̀gá á sì máa fi ìka wá ọ̀nà, á máa rán àpò kékeré. Ojú okùn náà ń wọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í já. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn wẹ́dà àtijọ́, ta ló ti kú, ta ló ti lọ bá ọmọ, títí ọmọ ọ̀gá á fi gbé tíì wọlé, tí á sì ní kí wọ́n gbé awọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.