Aláìníṣẹ́, Ọdún Mọ́kànlélọ́gọ́rin

"Tí wọ́n bá pè, sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Má dárúkọ ilé ìwòsàn o."

Ohun tí bàbá àgbà mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ti tẹ́ wọn sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn nígbà náà. Àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá gbé wọn ló rọra gbà á, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Irun mi ni Bàbá ń gẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gẹ apá òsì tán, ó ku apá ọ̀tún. Wọ́n kàn ní, "Dúró ná," wọ́n jókòó, wọn ò lè dìde mọ́.

Mo sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé ẹnu afárá. Aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn mi, atẹ́gùn òkun ń gbé e.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú tí wọ́n fi kú.

Iwabuchi Tokuji lorúkọ wọn. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní Uranohama, ìlú kékeré wa létí òkun ní Japan, fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Àwọn ló tọ́ mi. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la ẹja ni mo wà di òní. Bàbá ò bá mi jà lórí rẹ̀. Wọ́n kàn ní, "Kosuke, ọ̀bẹ lèmi náà fi jẹun. Ṣáà jẹ́ kó máa mú."

Àwọn tí Bàbá ní wọ́n máa pè, àwọn oníwèé ìròyìn agbègbè wa ni. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ fún àwọn òǹkàwé, kí wọ́n fi sọ èrò ọkàn wọn. Kò sí ìròyìn tí Bàbá kì í dá sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ á tó igba. Mọ́kànlá ló jáde.

Ẹnì kan kọ̀wé láti ìlú ńlá pé ariwo àwọn ọmọdé ní pápá ìṣeré ò jẹ́ kí òun sùn lọ́sàn-án. Bàbá fèsì: "Ẹ kó ariwo náà wá fún wa. Tiwa ti tán." Ìyẹn jáde. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tẹríba lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń tọrọ àforíjì nítorí irọ́ tí wọ́n pa fáwọn oníbàárà. Bàbá kọ̀wé pé òun ti yẹ orí gbogbo wọn wò dáadáa bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ síwájú, irun ti hù jákujàku lẹ́yìn ọrùn wọn, ẹni tó bá lè gbàgbé ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀ báyẹn, kò sóhun tí kò lè gbàgbé. Ìyẹn ò jáde. Bàbá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bébà tí wọ́n fa ilà sí bí àwọ̀n ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àmì kan nínú ihò kan. Irinwó ihò, kò gbọdọ̀ lé. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á kà á sí mi létí nígbà tí mo bá ń jẹun. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ̀ ẹ́ ni pé, lẹ́yìn orúkọ ẹni tó kọ̀wé, wọ́n á fi iṣẹ́ rẹ̀ sí i, àti ọjọ́ orí rẹ̀, àti ìlú rẹ̀. Olùkọ́. Àgbẹ̀. Ìyàwó ilé. Wọn kì í tẹ ìwé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ pè é lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ pé òun ló kọ ọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mizutani ló máa ń pe Bàbá. Àwọn méjèèjì ò rí ara wọn rí, àmọ́ Bàbá á máa tẹríba fún fóònù.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n dá ìwé àṣẹ wọn padà fúnra wọn. Òfin àwọn oníwèé ìròyìn sì ni pé ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, aláìníṣẹ́ ni wọ́n á tẹ̀ sídìí orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo arúgbó nìyẹn. Ẹlòmíràn ò bínú sí i.

"Arábìnrin Mizutani, ẹ kọ onígbàjámọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ṣọ́ọ̀bù yín ti ṣí padà ni?"

"Òpó onígbàjámọ̀ ẹnu ọ̀nà mi ń yí láàárọ̀ yìí. Ẹ wá wò ó."

"Ta lẹ gẹ irun fún lónìí?"

"Ìyẹn kọ́ lẹ bi mí."

Wọ́n á jà títí, Bàbá á sì padà gbà. Tí ìwé bá jáde, ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n máa ń rà. Bàbá Onodera, ọ̀rẹ́ wọn tó wa bọ́ọ̀sì ìlú wa títí wọ́n fi dá bọ́ọ̀sì náà dúró, á gbé ìgò tíì rẹ̀ wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Aláìníṣẹ́ ẹgbẹ́ mi! Ṣé o ti jí?"

"Onodera, orí tìrẹ ló jẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Irun méje ló kù lórí ẹ, ọ̀kan ń fẹ́ relé."

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Ó ti dòótọ́."

Àmọ́ Bàbá ò fi ọjọ́ kan jẹ́ aláìníṣẹ́. Aago márùn-ún ni wọ́n ń jí. Wọ́n á nu dígí, wọ́n á tan òpó aláwọ̀ mẹ́ta ẹnu ọ̀nà kó máa yí. Lọ́jọ́ Ajé, tí gbogbo onígbàjámọ̀ ń sinmi, àwọn náà á sinmi, wọ́n á se àwọn aṣọ ìnura nínú omi gbígbóná, wọ́n á sá wọn. Orí kankan ò kan aṣọ ìnura wọ̀nyẹn látọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Àìkú. Àyàfi tèmi, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì kan ló fà á. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sídìí orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ìjọba jáwọ́ nínú àwọn ìlú kéékèèké, kí wọ́n yéé kó yìnyín ojú ọ̀nà wọn, kí wọ́n kó àwọn arúgbó ibẹ̀ wá sí ìlú ńlá. Bàbá kà á, ọbẹ̀ miso dà lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fèsì. Wọn ò ka ìyẹn sí mi létí. Wọ́n ní ó di ọjọ́ tó bá jáde.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n fi í ránṣẹ́ ni wọ́n ń gẹ irun mi.

Níbi òkú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fà mí sí kọ̀rọ̀. "Kosuke, irú orí wo lo gbé wá síwájú èèyàn yìí?"

"Orí tí Bàbá gẹ̀ ni."

"Apá kan ńkọ́?"

"Wọn ò tíì débẹ̀."

Nígbà tó yá, ó ní kí n ti ilé pa, kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí Sendai, ìlú ńlá tí wọ́n ń gbé. Mo ní màá rò ó.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú Bàbá, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, fóònù ń dún.

"Mizutani ni o. Ẹ bá mi pe Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé lẹ́tà wọn dára, àti pé mo ti múra ìjà sílẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu. Ohun tí Bàbá ní kí n sọ ló jáde.

"Wọ́n ń bọ̀."

"Ó dáa. Màá pè lọ́la, aago méjì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀la o, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa jáde."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ ṣí àpótí tí wọ́n ń kó abẹ sí. Ẹ̀dà lẹ́tà náà wà lábẹ́ ẹ̀. Ìwé kíkà mi ò yá, ìka ni mo fi ń tẹ̀ lé e, títí oòrùn fi kúrò lójú dígí.

"Arákùnrin náà mọ ìṣirò," ni Bàbá kọ. "Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti pa ṣọ́ọ̀bù dé rí, òun kò tíì ṣe é. Mo dá ìwé àṣẹ padà, síbẹ̀ ọwọ́ mi ń jí láago márùn-ún. Ìlú náà ń jí bẹ́ẹ̀. Orí kan ló kù tí mò ń gẹ̀, ti ọmọ ọmọ mi. Irun rẹ̀ yí po ní àtàrí lápá ọ̀tún bí omi tó ń wọ ihò, tí a ò bá mọ̀ ọ́n gẹ̀ ó máa dìde. Tí ẹ bá kó mi lọ, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ní orí kan láti gẹ̀, ó níṣẹ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ kan àtàrí mi lápá ọ̀tún.

Láàárọ̀ mo sọ fún Bàbá Onodera. Mo ní ohun tó dùn mí ni pé ìwé náà ò ní jáde, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá. Ó mu tíì rẹ̀.

"Èmi á dáhùn," ló wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ohùn arúgbó, ohùn arúgbó náà ni. Gbọ́: Iwabuchi nìyí."

"Wọn kì í sọ ọ́ báyẹn. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ wúkọ́."

Ó wúkọ́. "Iwabuchi nìyí."

Ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ débi pé mo ní kó má ṣe é mọ́ títí aago méjì máa fi lù.

Aago méjì, fóònù dún. Bàbá Onodera wúkọ́, ó gbé e. Mo fi etí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó jẹ́ orúkọ Bàbá. Ó ní òun lòun kọ ọ́. Ó ní kò sí ìwé ìròyìn míì tí òun fi ránṣẹ́ sí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa.

"Iṣẹ́ yín ńkọ́, Bàbá?" ni Mizutani wí. Mo gbọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín. "Aláìníṣẹ́ la máa kọ o, bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Onodera dáhùn. "Ẹ ṣeun gan-an."

Ẹ̀rín Mizutani dúró. Mo ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá Onodera wò mí. Gbogbo ojú ẹ̀ pọ́n. Mo gba fóònù.

"Kosuke ni, ọmọ ọmọ wọn. Bàbá ti kú. Ó pé ọjọ́ mẹ́wàá lónìí. Ẹ má bínú. Àwọn ló ní kí n sọ pé àwọn ń bọ̀."

Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ni òun fi ń ka lẹ́tà wọn. Ó ní òun ti kọ èsì òun sílẹ̀ lórí bébà, èyí tí òun fẹ́ fi bá wọn jà. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí mo ti mọ̀: àwọn kì í tẹ ìwé ẹni tí kò sí mọ́ láti sọ pé òun ló kọ ọ́. Òfin ni.

Mo ní mo gbọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ló wí. "Ẹ kọ tiyín. Ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín nípa ìwé ọkùnrin yẹn."

"Mi ò mọ̀wé."

"Ihò irinwó ni. Kò pọn dandan kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀ kún."

Bàbá Onodera ń nu ojú níwájú dígí. "Mo ba nǹkan jẹ́," ló ń wí. "Ó yẹ kí n bá a jà. Tokuji ì bá jà."

"Ẹ má ronú sí i, Bàbá."

"Ọdún méjì ni mo fi pè é ní aláìníṣẹ́. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu."

Mo fi bébà Bàbá kọ ọ́, ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin. Mo kọ pé bàbá àgbà mi fẹ́ dá ọkùnrin tó fẹ́ pa ìlú wa dé lóhùn, wọ́n sì kú kí wọ́n tó gbé fóònù. Mo kọ pé onígbàjámọ̀ ni wọ́n. Mo kọ pé wọ́n gẹ irun mi dé ìdajì. Mo kọ pé mo wà ní Uranohama, mi ò lọ síbì kankan. Ó tán níbẹ̀. Mizutani pè. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní mò ń la ẹja. Ọmọ ọdún mélòó? Mọ́kànlélógún. Kò bá mi jà.

Ó jáde lọ́jọ́ Ajé, nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ti yọ ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ irun. Bàbá máa ń sọ pé onígbàjámọ̀ làwọn oníwèé ìròyìn náà, pé ibi tó dára jù ni wọ́n máa ń gẹ̀ dànù. Àmọ́ onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo ra ẹ̀dà mẹ́ta. Mo ka ọ̀kan sókè nídìí àga ìgẹrun, mo kà á dópin, mo sì dúró bóyá ẹnì kan máa ní kí n jẹ́ kóun jẹun.

Irun mi ti ń hù. Ó ti ń ṣòro láti mọ apá tí Bàbá gẹ̀ yàtọ̀. Mo máa ń wò ó láàárọ̀ kí n tó jáde.

Ọjọ́ Ajé tún dé. Mo gbé ìkòkò ńlá kaná, mo da àwọn aṣọ ìnura sí i. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n hó, mo yọ wọ́n pẹ̀lú igi, mo fún wọn, mo kó wọn jáde. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́. Mo ń sá wọn sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fa etí wọn kí wọ́n lè tẹ́, bí Bàbá ṣe máa ń fà á.