Ohun Tí Onífóòmù Yàn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Bàbá Onífóòmù, mo rò pé ó ti kú ni. Mo lọ wo ibùsùn ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì bá a tó nà gbalaja lórí fóòmù tuntun, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀, ó tò wọ́n dáadáa. Mo ti fẹ́ figbe ta kí obìnrin kan tó yọjú láti yàrá kejì, ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má jí i o,” ni ó wí. “Iṣẹ́ ló ń ṣe.”

Òótọ́ ni. Kí bàbá yìí tó ta fóòmù kankan, yóò dùbúlẹ̀ lé e lójú oníbàárà. Bí ó bá hanrun, fóòmù dára. Bí kò bá hanrun, yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún un rán. Ẹnikẹ́ni ní àdúgbò náà kì í sanwó kó tó gbọ́ ìhanrun.

Ìyàwó rẹ̀ ni obìnrin onígbakọ yẹn. Oúnjẹ ló ń sè tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní yàrá kejì. Aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, aṣọ ìkélé kì í sì í di etí.

Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì òpópónà ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò rí orí fá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wá jókòó tì wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ká ní wọ́n fẹ́ fún yín ní ẹ̀bùn kan. Yálà kí oorun wákàtí méjì máa tó yín, tàbí kí gbogbo oore inú oúnjẹ máa dé ara yín fúnra rẹ̀, láìsè, láìjẹ. Èwo lẹ máa mú?”

“Ta ló máa fi oorun tọrẹ? Oúnjẹ ni kí wọ́n bá mi mú kúrò. Ká jẹ ẹ́ lónìí, ká tún jẹ ẹ́ lọ́la. Ìyọnu ni.”

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, a gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ọmọrí dé ìkòkò. Onígbàjámọ̀ dìde, ó ní òun gbọ́ tí wọ́n ń pe òun.

Ìyá olóúnjẹ kò bínú. Ìyẹn gan-an ló ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù. Ó bu oúnjẹ fún gbogbo ayé, kò bu fún un.

“Ìyá àwọn ọmọ, tèmi dà?”

“Olówó orí mi, ṣé ẹ̀bùn yín ò tíì dé ni? Ẹ ní sùúrù, ó wà lọ́nà.”

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ẹ̀bùn kò dé. Ó lè ra oúnjẹ níbòmíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ọkọ olóúnjẹ nídìí abọ́ olóúnjẹ mìíràn tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ọjọ́ kejì yẹn ni obìnrin kan tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì wá wo fóòmù tí yóò tẹ́ sí gbogbo yàrá rẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá gba tèmi. Onífóòmù bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú. Ìhanrun kò wá. Ikùn rẹ̀ ló ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

Obìnrin náà tẹ́tí sílẹ̀. “Ṣé ìhanrun nìyẹn?”

“Ikùn ni, mà,” ni mo wí.

Bàbá yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun kíkan-kíkan.

“Bàbá, ojú yín là sílẹ̀.” Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀. “Ó jọ pé fóòmù yìí le.”

“Ìyá àwọn ọmọ,” ni onífóòmù ké láti orí ibùsùn, “mo ti yí i padà. Oorun ni kí wọ́n dín kù.”

“Onífóòmù tí kò fẹ́ sùn?” ni oníòtẹ́ẹ̀lì béèrè.

“Rárá o, mà. Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn kankan mọ́. Jọ̀ọ́, ìyàwó mi, bu oúnjẹ fún mi kí n jẹ, kí n lè sùn.”

Aṣọ ìkélé ká sókè. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ṣé ẹ gbọ́ ọ?” A ní a gbọ́. Ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wọlé, abọ́ náà kún dé etí. Bàbá kò gbórí sókè títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Kí ìyàwó rẹ̀ tó palẹ̀ abọ́ mọ́, ìhanrun ti ń mi àlùmọ́gàjí tó wà lórí tábìlì. Oníòtẹ́ẹ̀lì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí yàrá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Owó òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n fi kó lọ sí ìsọ̀ ńlá kan nítòsí ibùdókọ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló ń rán aṣọ fóòmù báyìí, bàbá ṣì ń hanrun, ìyá rẹ̀ sì ń ta oúnjẹ ní yàrá iwájú.