Orúkọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Sọ Àkọ́bí Mi

Òórùn ẹja tí wọ́n ń fi èèpo àgbọn yan ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí abúlé wa lẹ́yìn Ajah, láàárín ọ̀sà àti òkun. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ọ̀nà ọlọ́dà kò tíì dé ibẹ̀. Ibi tí àwọn olówó kọ́lé onígéètì sí báyìí, ẹrẹ̀ ni, àwọn alákàn ló ni ín. Inú ìyẹ̀wù tí òórùn ẹja kún fọ́fọ́ ni mo bí àkọ́bí mi sí, ọmọbìnrin, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà òjò.

Ọkọ mi kò sí nílé. Apẹja ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbé àwọ̀n lọ sójú òkun ní ìdájí, ìjì sì jà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àwọn ọkọ̀ yòókù sáré padà, tiwọn kò padà. Bí mo ṣe ń rọbí ní ọjọ́ kejì, etí mi kan wà lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, èkejì wà létí òkun. Nígbà tí wọ́n fi wẹ ọmọ tán, àwọn ọkùnrin tó lọ wá wọn ti dé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wo ojú mi.

Ìyá ọkọ mi ló dúró tì mí. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọn kì í kánjú rárá. Bí ilé bá ń jó, wọ́n lè kọ́kọ́ wé gèlè. Èmi ń sunkún, Ìyá ń gbé omi gbígbóná. Bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, wọ́n á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀: "Olúwa, o ṣeun, omi ọyàn ti ń jáde. O ṣeun, ìwọ́ ọmọ ti ń gbẹ." Láràárọ̀, wọ́n á lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì onípákó wa, wọ́n á padà wá koná mọ́ ẹja. Ọ̀rẹ́ mi, kí n má purọ́ fún ọ, inú bí mi sí wọn. Ọmọ tiwọn ló wà lójú omi, wọ́n wá ń dúpẹ́ ìwọ́!

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ní agboolé wa, wọ́n á gbé àwo omi kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á pe orúkọ náà, á sì ju kọ́bọ̀ sínú omi. Olórí ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Bàbá Àgbà là ń pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, Mùsùlùmí tó fẹ́ràn ọkọ mi bí ojú. Wọ́n ti gbé létí òkun pẹ́ tó láti mọ ohun tí ìjì máa ń ṣe. Wọ́n mú kọ́bọ̀ dání, wọ́n ní, "Kí la fẹ́ ṣe? Babárímisá lọmọ yìí."

Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí i là ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo di opó lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n kí kọ́bọ̀ náà tó bọ́, ìyá ọkọ mi ti di ọwọ́ Bàbá Àgbà mú. Ìyàwó ilé kì í di ọwọ́ olórí ẹbí mú. Ìyá kúnlẹ̀, síbẹ̀ wọn kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mi ò ní ó ń bọ̀ o, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wà láàyè, ìyá ẹ̀ wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ ká tó sunkún èyí tá à rí."

"Kí wá lorúkọ ẹ̀?"

"Modúpẹ́."

Bàbá Àgbà bá ju kọ́bọ̀ sómi, wọ́n sì pe Modúpẹ́. Pásítọ̀ wa, tó ti gbé Bíbélì dání láti àárọ̀ láìmọ ibi tí yóò gbà wọlé, bá rí ọ̀nà gbàdúrà.

Ọkọ mi kò dé lọ́jọ́ kejì. Kò dé lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá ń pe Modúpẹ́ tàárọ̀-tàṣálẹ́, èmi ń pè é ní "ọmọ yìí", nítorí orúkọ náà kò gba ẹnu mi jáde. Wọn kò bá mi jà. "Má kánjú, ìyàwó mi," ni wọ́n máa ń sọ, "pè é nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní àdúrà kankan lẹ́nu, mo kàn ń jókòó ni, ṣùgbọ́n mo máa ń padà sílé pẹ̀lú okun tí mo fi lè dáná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń fún ọmọ lọ́yàn, ó di ìka mi mú ṣinṣin, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi pè é: Modúpẹ́. Ọkọ mi kò tíì dé nígbà náà o.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ló dé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti apá Awoyaya, ó rù, oòrùn ti bó o lójú. Ìjì ló gbé wọn lọ sí etíkun jíjìn, ibà sì dá wọn dúró síbẹ̀. Bàbá Àgbà tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá ní tiwọn wé gèlè ná kí wọ́n tó jáde.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí ara Ìyá kò le mọ́, mo bi wọ́n ní ohun tó ti wà nínú mi tipẹ́. "Ìyá, ká ní kò dé ńkọ́?"

Wọn ò tiẹ̀ rò ó. "Modúpẹ́ náà ni ì bá máa jẹ́. Ẹkún là bá máa fi pè é, ṣùgbọ́n à bá máa pè é."

Ọkọ mi bá mi pẹ́ lẹ́yìn tó ti òkun dé, a bí àwọn ọmọ mìíràn. Nígbà tó wá kú, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí. Ìyá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Títí di ọjọ́ tí a sin ín, mo gbà pé ìpadàbọ̀ rẹ̀ la fi orúkọ yẹn dúpẹ́ fún. Bí wọ́n ti ń bu iyanrìn lé e lórí, ó yé mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ la fi ń dúpẹ́. Mo wá àkọ́bí mi láàárín èrò, mo sì pè é lórúkọ. Ẹkún ni mo fi pè é. Ṣùgbọ́n mo pè é, ó sì dá mi lóhùn.