Ẹni Tí Ìwé Ìròyìn Ń Wá

Ọdún tí bàbá mi wá kí wa ní Maryland ní Amẹ́ríkà ni ọmọbìnrin mi ṣe project lórí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Annapolis nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lórí ibẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí láíbìrì ní Upper Marlboro, tí mo bá ti sùn díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìtàn náà dùn mọ́ mi. Nígbà tí ọba ní kí wọ́n máa san owó sítáǹpù lórí gbogbo bébà, ńṣe ni ìwé ìròyìn yẹn ya agbárí òkú síbi tó yẹ kí sítáǹpù wà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kú, opó rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ó ń tẹ̀wé, ó ń tọ́mọ. Mo ròyìn obìnrin yẹn títí ní wọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ tí ọmọ mi máa sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, bàbá mi wọ agbádá, ó ní òun ń bá wa lọ. Tísà ni kó tó fẹ̀yìn tì. A jókòó síwájú.

Ọmọ mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dé orí agbárí òkú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní inú ìwé ìròyìn kan náà tó ń pariwo òmìnira ni wọ́n ti ń polówó àwọn ẹrú tó sá. Ó sọ ti ẹnì kan: ọkùnrin tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, tó sì kọlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá rí i, kó mú un wá.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí àbàjà bàbá mi.

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé. Bàtà mi ni mò ń wò. Opó tí mò ń yìn kiri, òun náà gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi nawọ́ sókè. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, "Ṣé wọ́n rí i mú?"

Ọmọ mi ní, "Mi ò mọ̀, Grandpa. Wọ́n ń gbé ìpolówó náà jáde léraléra. Nígbà tó yá, wọn ò gbé e jáde mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí, ó sì pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn yòókù tó bá a pàtẹ́wọ́.

Tísà wọn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, kò wo bàbá mi tó dúró tì mí. Mo ní kò sí wàhálà.

Nínú mọ́tò, bàbá mi ní, "Kí ló dé tí o sorí kọ́?"

"Ó rẹ̀ mí ni, sà."

"Ojú ń tì ọ́. Ṣé nítorí tèmi ni?"

"Rárá o, sà." Nígbà tí kíláàsì ń wo bàbá mi, ó ti wá sí mi lọ́kàn pé ì bá ti jókòó sílé. Mo rò pé ó mọ̀.

Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó béèrè bóyá ilà náà dùn ún nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

"Mo kéré jù, mi ò rántí. Ìyá mi ní mo ké títí mo fi sùn."

Ó gbé orí sẹ́yìn kí ọmọ náà lè fọwọ́ kan ilà náà. Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó padà sí Ọ̀yọ́ lóṣù náà, a ò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.