Ilé Tí Ìyá Aránṣọ Kọ́ Sórí

Onítéèpù ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí téèpù ìwọnlé kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó ní ilé tiwọn, kí ó bá wọn rò ó bóyá kí wọ́n tà á kí wọ́n kó lọ síbi tó rọrùn, tàbí kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Ó ti ṣe ajẹ́ńtì ilé rí, irọ́ ibẹ̀ ló sú u tó fi fi í sílẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fún ara rẹ̀: kò ní sọ fún onílé pé "ẹ tà á," kò sì ní sọ pé "ẹ má tà á." Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kánjú, kó gba ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì lọ.

Ọmọ Bàbá Bíríkìlà ló ránṣẹ́ pè é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá yìí fi kọ́ ilé alájà kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ báyìí. Òkè ni yàrá wọn wà, ìsàlẹ̀ ni balùwẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló sì wà láàárín. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Nígbà kejì, ìdí àtẹ̀gùn ló wà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò lágbára láti gbé e, kò sì mọ ibi tí fóònù bọ́ sí. Ọdún kọkànlá rèé tí ojú rẹ̀ ti lọ.

Níwájú ìyàwó, bàbá ń ṣe akin. "Kí n ta ilé nítorí orúnkún? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́!" Àmọ́ nígbà tó fa Onítéèpù sẹ́yìn ilé, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọmọ mi, bí n bá tún ṣubú, mo lè má dìde mọ́. Ta ló máa wá ṣe ojú fún un? Bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò ní gbà fún mi."

Lóòótọ́, ìyá kò gbà.

"Ilé yìí ni ojú mi," ó wí. "Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ sórí. Gbogbo ògiri rẹ̀ ló ti gbá mi níwájú orí rí, a ti wá di ọ̀rẹ́ báyìí. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Èmi tí mo ń sunkún tí n ò ríran ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá gbé mi lọ síbòmíràn, ẹrù ni mo dà. Ẹ ó máa gbé mi síhìn-ín, ẹ ó máa gbé mi sọ́hùn-ún."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Onítéèpù gbádùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó padà wá, ó ní, "Màmá, bí ẹ bá kọ́ ilé tuntun náà sórí kí ẹ tó débẹ̀ ńkọ́?"

Fúláàtì kan wà nísàlẹ̀ ilé ńlá kan, kò ní àtẹ̀gùn rárá. Onítéèpù lọ wọ̀n ọ́n. Wọ́n ṣì ń kun inú rẹ̀ lọ́wọ́, alámòójútó ilé kò sì jẹ́ kó wọlé. "Ìkejì ẹ̀ lèyí tó kọjú sí i yẹn, bákan náà ni wọ́n rí," ọkùnrin náà wí, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ìyẹn. Onítéèpù wọn gbogbo rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya á sílẹ̀ pálọ̀ Ìyá Aránṣọ. Bàbá jókòó, ó ń tọ́ka ibi tí wọn yóò to àga sí dípò ògiri.

Ìyá kọ́kọ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ilé ìdáná lọ́tùn-ún. Mẹ́fà sí i, yàrá. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, márùn-ún, kí o yà sọ́tùn-ún, balùwẹ̀ rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, títí ó fi ń sáré nínú ilé tí kò ì dé rí. Lọ́jọ́ kan ó rìn ín já láìfọwọ́ kan àga kankan, ó dúró, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Bàbá wọn," ó wí, "jẹ́ ká tà á." Bàbá Bíríkìlà bú sẹ́kún. Onítéèpù náà sunkún.

Wọ́n ta ilé. Wọ́n kó lọ.

Ẹnu ọ̀nà fúláàtì ni ìyá ti kọ ìrànlọ́wọ́. "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n." Ó rìn mẹ́rin, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì forí gbá ògiri. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tún un kà. Ògiri tún ni.

Onítéèpù wò yíká, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀. Fúláàtì méjèèjì kọjú síra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Gbogbo ohun tó wà lọ́tùn-ún ibi tó wọ̀n, apá òsì ló wà níbí. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀sọ̀ wo ló tún kù tí ìyá yìí kò fi mú un?

Ó sáré kan ilẹ̀kùn fúláàtì kejì, bóyá wọn yóò gbà kí wọ́n pààrọ̀. Bàbá arọ kan ló ti kó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti kan irin ìdìmú mọ́ gbogbo ògiri fún un. Ó sáré lọ sí ilé àtijọ́, bóyá wọ́n lè gbà á padà. Àwọn tó rà á ti wó àtẹ̀gùn. Ẹ̀pà ò bóró mọ́.

Ó ku kí wọ́n tún un kọ́. Ojoojúmọ́ ni Onítéèpù ń wá. "Òsì, Màmá, òsì." Ìyá á ní "òsì," á sọ ọ́ sókè ketekete, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì gba ọ̀tún lọ. Bàbá á pariwo láti orí àga, ìyá á gbọ̀n, iye tó ń kà á pòórá. Lọ́jọ́ kẹwàá ó ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá.

Nígbà tí Onítéèpù dé lọ́jọ́ kejì, orí bẹ́ẹ̀dì ló bá a. Bàbá Bíríkìlà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi fìlà bojú. Onítéèpù kúnlẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo ṣe yín báyìí. Ẹ bú mi."

"N ò ní bú ọ. Ire lo fẹ́ ṣe." Ìyá ń fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi kàn án, ó sì gbé ọwọ́ lé e. "Ilé méjì ni mo ti kọ́ láìríran, ọmọ mi. Ẹ̀kẹta ò sí nínú mi mọ́. N ò ní dìde rìn mọ́."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Nǹkan kan péré ni kí o ṣe fún mi. Apá ibo ni ilẹ̀kùn yàrá yìí wà? Kí n lè mọ ibi tí màá kọjú sí bí àlejò bá wọlé, kí wọ́n má bàa bá mi níbi tí mo kẹ̀yìn sí wọn."

Onítéèpù fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, ó sì rọra yí orí rẹ̀ sí apá òsì.