Ọjọ́ Tí A Kọjú Síra Wa Jẹun

Nígbà tí ọkọ mi ní kí n múra, pé àwa méjèèjì máa lọ jẹun nílé oúnjẹ òyìnbó Ítálì tó wà lójú ọ̀nà Anié, mo ti gbà pé ìyàwó ló fẹ́ gbé. Ọkùnrin tí kò ra ẹ̀wà lásán fún mi jẹ níta rí, kí ló tún ń wá nílé oúnjẹ òyìnbó? Mo ní ohun tó yá kì í pẹ́. Mo wọ léèsì tí mo fi sọ àbígbẹ̀yìn mi lórúkọ, mo lé tìróò, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo fẹ́ kí ó rí ohun tó ń fi sílẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe pé mo kàn ń ro ìròkurò. Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ mi ti ń padà sí ilé ìdáná bí mo ṣe gbé e lọ. Nílé wa, obìnrin kì í bá ọkọ rẹ̀ jẹun. Àwọn òbí wa tó wá ṣòwò láti Nàìjíríà ló gbé àṣà náà dání wá sí Atakpamé, a ò sì bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Màá gbé oúnjẹ sínú yàrá rẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá jáde, màá fa kọ́tìnì. Tó bá pè mí, màá lọ palẹ̀ mọ́. Àrífín gbáà ni kí ènìyàn máa wo ẹnu àgbà tó ń jẹun. Àwo ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀.

Àwo náà kò sì sọ rere fún mi mọ́. Iyán á wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ẹran á wà lórí ọbẹ̀, omi ọbẹ̀ nìkan ni yóò lọ. Tí mo bá béèrè, á ní òun ti jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà Iléyá, gbogbo ẹran tó kàn án ló fi tọrẹ, àwọn ènìyàn ń ṣàdúrà fún un, èmi ń sọ nínú mi pé ó ti fi èyí tó dára ránṣẹ́ síbi tó ti ń jẹun. Ó ń rù. Mo ní ọkùnrin tó ń sáré láàárín ilé méjì kò lè sanra. Ó máa ń lọ tajà ní Moretan, nítorí náà mo ti yan obìnrin Moretan kan fún un lọ́kàn mi, mo ti mọ bó ṣe ga tó, mo tilẹ̀ mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Òyìnbó tó ni ilé oúnjẹ náà bá àwọn tó ń ṣe títì wá lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn yòókù lọ, òun fẹ́ obìnrin Ifẹ̀ ilẹ̀ ibí kan láti Akparé, ó sì dúró. Ọkọ mi ló ń ta pìẹ́sì fún un, àwọn irin tó fi ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ilé oúnjẹ náà kò ju yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, eruku ọkọ̀ àjàgbé wà lórí rọ́bà tí wọ́n fi bo tábìlì. Ìyàwó òyìnbó kí wa dáadáa. Kí n tó jókòó ni mo ti bi í bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ wọn. Ó ní màlúù ni, ọ̀dọ̀ àwọn alápatà wa lòun ti rà á.

Ó gbé makaróní àti ọbẹ̀ tòmátì wá, ó sì ní kí a jókòó kọjú síra wa, nítorí tábìlì náà kéré. Mi ò mọ ibi tí mo máa kó ojú mi sí. Mo wo ògiri. Mo wo fọ́ọ̀kì. Ọkọ mi ní kí n máa jẹun, mo ní màá jẹ tó bá jẹ tán. Ó mi orí.

“Ìyá wọn, gbé ojú sókè. Wò mí bí mo ṣe ń jẹun.”

Mo rò pé ó fẹ́ kí n wo ojú òun kó tó dárúkọ obìnrin rẹ̀. Mo gbójú sókè tìbínú-tìbínú.

Ó fi díẹ̀ sẹ́nu. Ó rún un títí, ó kọjá bí ènìyàn ṣe ń jẹ makaróní. Ó dijú, ó na ọrùn bí adìẹ tó ń mumi, ó fẹ́ gbé e mì. Kò lọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó mu omi lé e, omi náà gba imú rẹ̀ jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Ìyàwó òyìnbó sáré mú aṣọ ìnuwọ́ wá, ọkọ mi juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀, làpálàpá ni mo ti ń pa láti ọjọ́ yìí.

Mo bi í bóyá ó ti rí dókítà. Ó ní òun kò rí ẹnì kankan. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé oúnjẹ òyìnbó yìí máa ń yọ̀ lọ́fun, òun rò pé ó lè lọ.

“Tí kò bá lọ, o ti fojú ara rẹ rí i. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ nílé.”

Inú bí mi sí i ju ìgbà tí mo rò pé ìyàwó ló fẹ́ gbé. Obìnrin Moretan, mo mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń fi fọ́ọ̀kì gé makaróní tó wà lórí àwo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ a jọ mọ̀ pé kò ní lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mú un lọ sí Lomé. Dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, ó tẹ ọrùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì yíjú sí mi, torí ìyàwó ló yẹ kó mọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé láti ìgbà wo ni kò ti lè gbé oúnjẹ mì.

Èmi tí mo ń sè é, tí mo ń bù ú, tí mo ń gbé e kalẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ojú ọkọ mi ni mo ń wò. Òun ló fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ dá dókítà lóhùn.

“Láti inú ààwẹ̀ ni.”

Ta ni ìbá fura sí ẹni tí kò jẹun nínú ààwẹ̀? Á bá wa gbà á di alẹ́, á mu ògì díẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Èmi náà ló ń fa kọ́tìnì fún un. Dókítà bi wá pé ìgbà wo ni ààwẹ̀ yẹn. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí a débẹ̀, Iléyá ti lọ tipẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, kò sì kọ ohunkóhun mọ́.

Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò bá ọkọ mi láyé.